Nígbà Tí Ẹgbẹ́ Àdúrà Wa Di Oníbàárà Ẹ̀wà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n jí lónìí, tó fún mi ní tábìlì tí mo gbé ìwé lé àti ojú tí mo fi ń rí ohun tí mo ń kọ. Mo dúpẹ́ fún àwọn olùkọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n fi Bíbélì tí èèpo rẹ̀ ti ya kọ́ mi ní ìwé kíkà, àti fún ìjọ tó rán mi lọ sí ilé ìwé gíga nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Mo dúpẹ́ fún ìlú Hamburg, tó gbà mí tòun ti òjò rẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run kì í bínú sí ọmọ rẹ̀ tó bá gbàdúrà bí ẹni tí kò ronú. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níbí. Mo gbàdúrà fún àlàáfíà, àlàáfíà náà sì wá, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tó fi dúró. Mi ò rí ìyá náà rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ó tó ọdún méjì kí àrùn tó sé gbogbo ayé mọ́lé. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ní Harburg, mo ń gbé yàrá kan ní Rothenburgsort, mo sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní láàbù kékeré kan lẹ́bàá èbúté. Iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n á kó òkúta tí wọ́n ti lọ̀ kúnná wá nínú àpò, èmi á bu díẹ̀ níbẹ̀, màá fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, màá sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan láàárín gbùngbùn Áfíríkà ni òkúta náà ti ń wá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò ṣẹ̀ mí. Ara òkúta yìí ni wọ́n ti ń yọ ohun tí wọ́n ń fi sínú fóònù, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ń ka ìwé yìí lórí fóònù, ó lè jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ bu èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Lọ́dún yẹn, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn jàǹdùkú oníbọn gba ojú ọ̀nà tó ti ibi ìwakùsà jáde, àpò òkúta kò sì dé Hamburg mọ́. Mo ń nu ẹ̀rọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé tí ọ̀nà kò bá là kí ó tó di Àjíǹde, òun ò ní lè tún ìwé iṣẹ́ mi ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní Ausländerbehörde rí, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún àwa àlejò ní ìwé ìgbélùú, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí kò níṣẹ́, ìwé rẹ̀ máa ń kúrú.

Ní gbogbo Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Berlin, nítorí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àdúrà wa wà, ní Hellersdorf, ní àjà kẹsàn-án ilé gogoro kan, nínú pálọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Lẹ́yìn orin, Mọ́mì á gbé abọ́ ike kan kiri, oníkálukú á kọ ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run sórí bébà, á sì jù ú sínú rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé a kò gbọ́dọ̀ kọ ju ìlà kan lọ, torí ẹnì kan ti kọ ojú ewé mẹ́rin rí nípa ọ̀gá rẹ̀. Èmi náà kọ ìlà kan tèmi: kí Ọlọ́run rán àwọn tí yóò mú àlàáfíà wá sí orílẹ̀-èdè báyìí. Mi ò kọ ohunkóhun nípa iṣẹ́. Mo rò pé Ọlọ́run mọ ìyókù.

Nígbà tí Mọ́mì kà á, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Gbogbo yín, físà ni, ọkọ ni, físà ni. Ẹnì kan wà láàárín yín tó ń ro ti ọmọnìkejì."

Mo dorí kodò bí onírẹ̀lẹ̀. Ọlọ́run dárí jì mí, mo jẹ́ kí wọ́n yìn mí.

Mọ́mì ní kí gbogbo ẹgbẹ́ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí bébà yẹn. Nígbà tí a ń jẹun kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, Bọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Berlin bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ lóṣooṣù. Ó gbà pé kò sí sójà tó máa fi ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣọ́ Áfíríkà bí kò bá sí nǹkan nínú ilẹ̀ ibẹ̀.

"Ibi tí kùsà bá wà nìkan ni àánú máa ń ṣe wọ́n," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ìjà bẹ́ níbi tó jẹ́ iyanrìn lásán, kí ẹ wá wò bóyá wọ́n á rántí."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi ìgbàgbọ́ ṣe é," mo ní.

"Mo ní ìgbàgbọ́. Ọlọ́run ni mo gbà gbọ́, mi ò gba sójà gbọ́."

"Gbé ẹran yẹn mì kó o tó sọ̀rọ̀," Mọ́mì sọ fún un. "Ààwẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìròyìn fi sọ pé àwọn sójà afìdí-àlàáfíà-múlẹ̀ ti dé agbègbè náà, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, àpò òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀gá mi gbé ìwé iṣẹ́ ọdún méjì síwájú mi, mo fọwọ́ sí i, wọ́n sì fún mi ní ìwé ìgbélùú mi láìjanpata. Mo ra àkàrà òyìnbó ńlá kan, mo gbé e lé itan láti Hamburg títí dé Berlin, mo sì dìde láti jẹ́rìí.

Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí à ń gé kúrú. Bí Ọlọ́run bá ṣe é, ìwọ náà sọ ọ́ tán. Nítorí náà mo sọ ọ́ tán. Mo ní ọ̀nà ti dí, òkúta kò wá mọ́, iṣẹ́ mi fẹ́ bọ́, àwọn ará gbàdúrà, Ọlọ́run rán sójà, sójà la ọ̀nà, òkúta dé, mo sì rí iṣẹ́ ọdún méjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin. Àárín orin náà ni mo ti rí i pé Mọ́mì kò kọrin mọ́, ó ń ro nǹkan. Bọ̀dá ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ rárá. Ó ń wò mí bí ẹni tó ti ń wá ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́ tó wá bá a pàdé nínú ilé ara rẹ̀.

"Ìwọ ni," ó ní.

"Èmi ni kí ni, sà?"

"Àwọn tí mo ń bú láti ọdún wá. Mo rò pé kóòtù ni wọ́n máa ń wọ̀. Ìwọ rèé nínú súẹ́tà."

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa rí i pé ó dùn mí. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan náà ni òun àti Mọ́mì ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín wa sì nìyẹn. Kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Mọ́mì obìnrin ló ń túmọ̀ ohun gbogbo fún un ní èdè Jámánì, ó sì ti túmọ̀ ẹ̀rí mi láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Obìnrin náà bi mí pé ojú ọ̀nà wo ni wọ́n là. Mo dárúkọ rẹ̀. Ó ní orílẹ̀-èdè òun nìyẹn. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

"Ìyá mi wà ní ìlú tó tẹ̀ lé ibi ìwakùsà yẹn," ó ní. "Wákàtí mẹ́ta ni nínú ọkọ̀. Àwọn oníbọn ṣì wà ní ojú ọ̀nà tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti tọ́jú yàrá sílẹ̀ dè é ní olú ìlú láti ọjọ́ yìí, ẹsẹ̀ sì ń dun ìyá mi, kò lè gba inú igbó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn sójà yín ìgbà tí wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbà lóòótọ́ pé ẹni tí ẹgbẹ́ àdúrà bá wá sójà fún yóò mọ ibi tí àwọn sójà náà wà. Mo fẹ́ sọ pé mi ò ní sójà kankan, pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, pé yàrá kan ni mò ń gbé. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé màá béèrè.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀gá mi níwájú àwòrán ilẹ̀ ńlá tó wà lára ògiri láàbù. Ọ̀gá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ṣe àṣírí. Bí ẹ bá bi í ní nǹkan, ó máa dá yín lóhùn, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

"Ibo ni àwọn sójà náà dé?" mo bi í.

Ó fi ìka tọ ojú ọ̀nà láti etí òkun, ó gba olú ìlú kọjá, ó wọ inú igbó, ó sì dúró ní géètì ibi ìwakùsà. "Ibí."

"Lẹ́yìn ibẹ̀ ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ibẹ̀, kò sí nǹkan kan."

"Ìlú kan wà níbẹ̀, sà. Ìyá ẹnì kan tí mo mọ̀ ń gbé ibẹ̀."

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ògiri. "Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Ìlú wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kò sí ẹrù níbẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé fún mi, bí ẹni tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ kọfí. Ó ní ilé iṣẹ́ wa kọ́ ló ń pàṣẹ fún sójà. Ṣùgbọ́n lóṣooṣù, ọ́fíìsì àwọn sójà náà máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò pé ojú ọ̀nà wo ni ọkọ̀ wọn fẹ́ gbà, ẹni tó bá ní ẹrù á kún fọ́ọ̀mù, ibi tí ẹrù bá wà ni sójà á sì sin ọkọ̀ dé. Àwọn adójútòfò pẹ̀lú kì í dáhùn fún ọkọ̀ tó bá rìn níbi tí sójà kò sí. Nítorí náà, ibi tí sójà wà ni ẹrù wà, ibi tí ẹrù wà ni sójà wà.

"Àti pé," ó ní, "àwọn orílẹ̀-èdè tó ń san owó oṣù sójà yẹn ló ń ra òkúta yìí. Ìwọ náà rò ó wò."

Mo rò ó. Ó sì dà bíi pé Bọ̀dá wà lẹ́yìn mi tó ń rẹ́rìn-ín.

"Tí ẹlòmíràn bá ní ẹrù ní ìlú kejì yẹn ńkọ́?"

"Kó kún fọ́ọ̀mù."

"Irú ẹrù wo?"

"Ẹrù ni ẹrù. Kí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀?"

Mo pe obìnrin náà lórí fóònù níbi tí mo dúró sí. Ó ní, "Ẹ̀wà. Ìyá mi náà ń gbin ẹ̀wà."

Mọ́mì kò dúró kí oṣù parí. Ó pe gbogbo wa ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

"Ọ̀rọ̀ náà ti yé mi," ó ní. "Oníbàárà ni àwọn sójà yẹn ń wò kí wọ́n tó rìn. Ó dáa. A ó di oníbàárà."

"Mọ́mì, ẹ̀wà wo la fẹ́ lọ rà láàárín ìjà?" Bọ̀dá béèrè. "Ẹ̀wà kún ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Tọ́kì nísàlẹ̀ níbí."

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ níbí, ìyá ta ló jókòó tì í?"

Bọ̀dá wo obìnrin náà, ó sì wo ilẹ̀. "Mi ò sọ pé ká má rà á, mà. Mo kàn ń sọ pé láti ọdún wá ni mo ti ń pariwo pé ọrọ̀ ajé ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ wá fẹ́ ká fi ọrọ̀ ajé pè wọ́n."

"Ṣé irọ́ lò ń pa láti ọdún wá?"

"Rárá, mà."

"Jẹ́ ká wá lo òótọ́ ẹ nígbà náà."

Ẹgbẹ́ fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwa ni àwa. Obìnrin náà fi àwòrán ẹ̀wà ìlú wọn hàn wá lórí fóònù, ẹ̀wà pupa ńlá ńlá, ìjiyàn sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní èèpo rẹ̀ ti nípọn jù, kò ní ṣeé bó, mọ́ínmọ́ín rẹ̀ kò sì ní dì. Àwọn kan ní kí a sè é jẹ bẹ́ẹ̀, kí a fi ata dín-dín sí i. Ẹnì kan béèrè bóyá ìyá náà kò lè gbin ẹ̀wà olóyin. Ó tó ìdajì wákàtí. Obìnrin náà rọra bi mí ohun tí wọ́n ń sọ pẹ̀lú agbára tó bẹ́ẹ̀. Mo ní wọ́n ń gbàdúrà. Ọlọ́run tún dárí èyí náà jì mí.

Mọ́mì ló parí rẹ̀. Ó ní a kò ní kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù: bí a bá kọ ọ́ pé ogún àpò la fẹ́ rà, ogún àpò la máa rà, àkàrà ì báà wú tàbí kó má wú. Oníkálukú mú ohun tó lè mú wá. Fọ́ọ̀mù náà tún ń béèrè Stempel, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ra ọjà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹgbẹ́ wa ní òǹtẹ̀, èyí tí a ṣe nígbà tí a forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ohun tí a fẹ́ fi ọjà náà ṣe, Bọ̀dá tẹ "mọ́ínmọ́ín." Mọ́mì ní kó pa á rẹ́, kó kọ "oúnjẹ."

Nígbà tí mo gbé e dé iwájú ọ̀gá mi, ó wo òǹtẹ̀ náà pẹ́.

"Ṣé ẹyẹ àdàbà nìyí?"

"Àdàbà ni, sà."

"Fún ẹ̀wà?"

"Fún ẹ̀wà."

Ó gbé èjìká sókè. Ó ní òfìfo ni ọkọ̀ tó ń kó òkúta wa máa ń dé ibi ìwakùsà, pé bí sójà bá gbà láti sìn ín, kò sóhun tó ní kí ọ̀kan má rìn síwájú lọ kó ẹ̀wà. Ó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ pẹ̀lú tiwọn.

Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìbéèrè kan ló sì wà nínú rẹ̀: ṣé lóṣooṣù la ó máa rà á? Wọn kò fẹ́ yọ sójà kúrò níbi kan nítorí ẹrù ẹ̀ẹ̀kan. Èyí fún Mọ́mì ní wàhálà. Tó bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ lè wà nínú rẹ̀. Tó bá kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá náà máa wà níbi tó wà. Ó gbàdúrà sí i ní ọjọ́ kan gbáko, ó sì kọ ìdáhùn tó máa ń fún gbogbo ẹni tó bá pè é síbi ìnáwó: bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọ́fíìsì náà kà á sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa lọ, mi ò lè ka nǹkan kan nínú ẹ̀rọ dáadáa. Obìnrin náà ti ní òun máa pè mí bí òun bá gbọ́. Ó di ọjọ́ kejì kó tó pè, inú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn ni mo wà, mò ń bọ̀ láti Harburg, ẹkún rẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ gbọ́. Mo bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tèmi.

"Ó ti dé," ó ní. "Ó wà nílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ń bú ìyàwó rẹ̀ nítorí iyọ̀ ọbẹ̀."

Ó wá sọ fún mi bó ṣe rí. Ọkọ̀ ńlá kan àti ọkọ̀ sójà méjì dé ìlú wọn ní àárọ̀. Wọ́n kó ogún àpò ẹ̀wà sínú ọkọ̀. Ọ̀gá sójà ní òfin ni pé wọn kì í gbé èrò, àfi ẹni tó bá ni ẹrù. Ìyá náà ní ó dáa, òun ló ni èyí. Wọ́n gbé e gun ọkọ̀. Nígbà tó jókòó tán, ó na ọwọ́ sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó dúró nílẹ̀ tòun ti ẹrù orí wọn, ó ní ìyẹn ló ni àpò kejì, ìyẹn ló ni ẹ̀kẹta, títí ó fi dé orí ogún. Òótọ́ sì ni, torí ó ti gbọ́ òfin náà tẹ́lẹ̀, òru tó ṣáájú ló sì ti pín àpò náà láàárín wọn. Sójà náà ka àpò, ó ka ènìyàn, wọ́n sì dọ́gba. Ó ní kí gbogbo wọn gun ọkọ̀.

Olú ìlú ni wọ́n ti ta ẹ̀wà náà, torí ìwé tí yóò gbé e dé Hamburg pọ̀ ju ti èmi fúnra mi lọ. Ìyá náà ní kí ọmọ òun bá òun béèrè irú ènìyàn tí wọ́n wà ní Germany, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀wà tó báyìí.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yẹn, mo dìde, mo ní mo fẹ́ tún ẹ̀rí mi ṣe.

"Àtúnṣe ẹ̀rí?" Mọ́mì ní. "Kò sí irú ẹ̀ nínú ètò wa."

Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi ni mo gbàdúrà fún, pé mo kàn kọ àlàáfíà sórí rẹ̀ ni. Mo ní ohun tí mo pè ní àlàáfíà nígbà yẹn jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó parí sí géètì kan, pé mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ náà síbẹ̀, pé mi ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Bọ̀dá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

"Jókòó," Mọ́mì ní. "Ọlọ́run ti gbọ́. Ìwọ lo máa fọ abọ́ lónìí."

A tún ra ẹ̀wà ní oṣù kejì, ènìyàn mẹ́jọ sì bá a jáde. Ní oṣù kẹta, agbára wa kò gbé e mọ́, Mọ́mì sì kọ̀wé sí wọn pé Ọlọ́run kò tíì fẹ́. Àwọn sójà padà sí géètì wọn. Ìlú náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó kù ṣì wà nínú rẹ̀. Èmi náà ṣì wà ní láàbù. Àpò òkúta ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mò ń bu díẹ̀ níbẹ̀, mo sì ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ní kí n kọ èyí tí kò sí nínú rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn yín, ẹ ì báà ní ọjà láti tà tàbí kí ẹ má ní. Kí ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ má kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú ilẹ̀ yín. Kí àwọn ìyá yín má ṣe jókòó níbi tí ẹsẹ̀ kò dé, kí wọ́n sì pẹ́ láyé tí wọn yóò fi máa bú yín nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Àmín.